Ọjọ́ mẹ́fà lórí yìnyín, nítorí lẹ́tà kan

Ọjọ́ Ẹtì, 21 oṣù Kejì, 2025. Brooklyn Park sí Waskish

Aago mẹ́fà àárọ̀ kò tíì lù tí àbúrò mi ti ń fọn fèrè ọkọ̀ níwájú ilé wa. Mo ti se oúnjẹ sílẹ̀ láti alẹ́: ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù nínú kúlà, àkàrà tí mo fi bébà wé, ata díndín nínú ìgò, àti gààrí, torí ẹni tó ń lọ sójú omi kò gbọdọ̀ gbójú lé ẹja tí kò tíì pa. Ọkọ mi dúró ti àwọn ìbejì. Ó kó ìbọ̀wọ́ rẹ̀ méjèèjì lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n má bọ́ ọ níta rárá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé mi dórí ìrìn yìí. Ọdún kẹsàn-án rèé tí àbúrò mi ti ń pẹja lórí yìnyín ní ìpínlẹ̀ Minnesota, ní Amẹ́ríkà níbí. Ó bẹ̀rẹ̀ bí eré pẹ̀lú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ó wá di ohun tó ń gba gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ rẹ̀ nígbà òtútù. Lóṣù tó kọjá ló gbé fóònù rẹ̀ wá bá mi. Lẹ́tà kan wà nínú rẹ̀ tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí aṣòfin àgbègbè wa. Ohun tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ni kí wọ́n sún ìparí àsìkò ìpẹja walleye síwájú, kó lè dé òpin oṣù Kẹta. "Àǹtí mi, ẹ̀yin lẹ mọ ìwé kọ. Ẹ bá mi tún un ṣe, kí ẹ sì bá mi fọwọ́ sí i." Mo ní mi ò kì í fọwọ́ sí ohun tí mi ò fojú ara mi rí. Nọ́ọ̀sì ni mí, iṣẹ́ wa ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ó ní ó dáa, kí n dìde, ká jọ lọ wò ó.

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n: walleye ni ẹja tí Minnesota fi ṣe ẹja ìpínlẹ̀ láti ọdún 1965. Ẹran rẹ̀ funfun, egungun rẹ̀ kò pọ̀, lójú tèmi kò sí ẹja omi aládùn kankan ní ilẹ̀ yìí tó dùn tó o. Àárín oṣù Karùn-ún ni àsìkò rẹ̀ ń ṣí. Ní àwọn adágún inú ìpínlẹ̀, ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kejì ni wọ́n ń tì í, ìyẹn 23 lọ́dún yìí. Inú òfin tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe ni ọjọ́ náà wà. Ìdí nìyẹn tí lẹ́tà àbúrò mi fi ń lọ sọ́dọ̀ aṣòfin, tí kì í ṣe sọ́dọ̀ DNR, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń mójú tó igbó àti omi. Ṣùgbọ́n Lake of the Woods, tó wà lẹ́nu ààlà Kánádà, ní òfin tirẹ̀: ibẹ̀ ṣì wà ní ṣíṣí di 14 oṣù Kẹrin. Ètò tí àbúrò mi ṣe ni pé ká parí àsìkò ní Upper Red Lake, ká wá kọjá sí Lake of the Woods, kí n lè rí i pé omi kò gbẹ, ẹja kò tán, níbi tí wọ́n ti fún àwọn èèyàn láyè.

Ọ̀nà jìn. A gba Brainerd, a gba Walker, a dé Bemidji níbi tí ère Paul Bunyan, òmìrán inú ìtàn àròsọ Amẹ́ríkà, àti màlúù aláwọ̀ aró rẹ̀ ti dúró létí adágún láti ọdún 1937. Mo ya àwòrán kan fún àwọn ìbejì, a sì ń lọ. Láti Blackduck lọ sókè, igi ṣáá ni, òjò dídì ṣáá ni, ilé kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí àbúrò mi yí ọkọ̀ láti etí omi bọ́ sórí adágún, mo di ìjókòó mú. Ó ní kí n tú bẹ́líìtì, kí n sì sọ fèrèsé kalẹ̀, kí jíjáde má bàa le bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ohun tí DNR ń sọ fún aráàlú ni pé yìnyín tó nípọn tó íǹṣì 4 lèèyàn lè fẹsẹ̀ rìn lórí rẹ̀, pé píkọ́ọ̀pù ń fẹ́ tó 13. Yìnyín tuntun tó mọ́ gaara ni wọ́n sì ń sọ o. Èyí tó funfun, tó dà bí ògì tó ti dì, kò lágbára tó o, ìlọ́po méjì ni kéèyàn wá. Àbúrò mi gbẹ́ ihò kan, ó ti rúlà onírin bọ̀ ọ́: 27. Mo tó lè mí.

Ẹ̀rù mi kì í ṣe ti ojo. Lórí adágún yìí kan náà, ní òpin oṣù Kọkànlá ọdún 2022, yìnyín já pẹ̀lú èèyàn bí igba lórí rẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń tì wọ́n lọ sáàárín omi kí wọ́n tó kó wọn jáde. Ní 29 oṣù Kejìlá, 2023, ó tún ṣẹlẹ̀ sí èèyàn tó ju ọgọ́rùn-ún lọ. Wọ́n ní ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n, ṣùgbọ́n ọdún kan péré ló wà láàárín kòtò méjèèjì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 oṣù Kejì. Upper Red Lake

Ahéré ni mo ń pè é. Òyìnbó ní orúkọ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ahéré gan-an ni: ilé pákó kékeré tí wọ́n wọ́ dé orí yìnyín, ibùsùn mẹ́rin lórí ara wọn, sítóòfù, hítà oní-gáàsì, àti ihò mẹ́fà nílẹ̀ tí omi dúdú ń wò wá láti inú wọn. Okùn kọ̀ọ̀kan wé mọ́ róńdó kan lára ògiri tó ní nǹkan wínníwínní nínú. Bí ẹja bá fà á, á máa dún ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Kí n tó bọ́ bàtà ni mo ti gbé ẹ̀rọ tó ń ké nígbà tí èéfín gáàsì bá pọ̀ kọ́ sára ògiri. Mo ti rí ẹni tí èéfín yẹn ṣe lọ́ṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sórí yìnyín, ẹ má sùn nínú ahéré láìní in.

Aago méje ku díẹ̀ ni ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ojú walleye ló ń ràn án lọ́wọ́: nǹkan kan wà lẹ́yìn ẹyinjú rẹ̀ tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà bíi ti ológbò, ó ń ríran nínú ìmọ́lẹ̀ bàìbàì tí àwọn ẹja wẹ́wẹ́ kò lè ríran dáadáa. Ìdí nìyẹn tó fi ń jẹun ní ìdájí àti ní ìrọ̀lẹ́. Àbúrò mi fa mẹ́ta jáde láàárín wákàtí kan, gbogbo wọn wà láàárín íǹṣì 14 sí 16. Òfin ibí ni pé nínú gbogbo èyí téèyàn bá mú lọ ilé, ẹyọ kan ṣoṣo ló lè ju íǹṣì 17 lọ.

Tèmi dé lẹ́yìn náà. Ó wúwo. Mo fà á díẹ̀díẹ̀, àbúrò mi kúnlẹ̀ sẹ́nu ihò, ó ti ọwọ́ bọ omi, ó gbé e jáde. Íǹṣì 22. Ẹ̀yìn rẹ̀ pupa bí wúrà tó ti pẹ́, ikùn rẹ̀ funfun, ó sì yọ bọ̀ǹbọ̀. Ṣáájú kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, àtàńpàkò mi ti wà lára ikùn rẹ̀.

Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti tọ́ wa. Ìyá wa ń ta ẹja níbẹ̀. Bí àwọn apẹja bá kó ẹja sílẹ̀, màmá á kọ́kọ́ fi àtàńpàkò tẹ ikùn rẹ̀ láti apá ìsàlẹ̀ bọ̀ sókè, jẹ́jẹ́. Bó bá le tó sì ń padà bọ̀, ẹyin ló wà níbẹ̀. Mi ò tẹ ikùn ẹja bẹ́ẹ̀ láti ogún ọdún sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò gbàgbé. "Abo ni," mo sọ fún àbúrò mi. "Ẹyin kún inú rẹ̀."

Ó ní a lè mú un, òun ni yóò jẹ́ ẹyọ kan tó ju 17 lọ fún mi. Òfin gbà á. A mú un. Nígbà tí mo la ikùn rẹ̀ lórí pákó, ẹyin náà jáde ní pọ́tọ́ méjì tó gùn tó ọwọ́ mi láti ìka dé ọrùn-ọwọ́. Ó pọ́n bí epo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ́, iṣan pupa wínníwínní sì rìn káàkiri ara rẹ̀. Abo walleye tó tó báyìí lè gbé ẹyin tó ju 100,000 lọ. Mo gbé e lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀. Inú mi kò dùn, mi ò sì ní purọ́ pé ó dùn.

Àbúrò mi rí ojú mi. "Àǹtí mi, ẹ gbọ́. Ohun tí mo kọ sínú lẹ́tà náà nìyí. Láti ìgbà tí ewé ti ń wọ́ ni ẹyin yìí ti ń dàgbà nínú ẹ̀. Èyí tí wọ́n pa lóṣù Kejìlá, ẹyin ló kú sí i nínú. Èyí tí wọ́n pa lóṣù Kìíní náà ńkọ́? Bó bá jẹ́ nítorí ẹyin ni wọ́n ṣe ń tì í ní òpin oṣù Kejì, kí ló dé tí wọn ò tì í láti Kérésìmesì?"

Mo ronú sí i títí mo fi din ẹja tán, mi ò rí èsì. Òótọ́ lọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹyin tó kú lóṣù Kìíní àti èyí tó kú lóṣù Kẹta, kò sí èyí tó máa pa nínú méjèèjì. Mo kọ ìbéèrè náà sínú ìwé mi, mo fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀.

A din ẹja náà, a fi ata díndín jẹ ẹ́. Ẹyin rẹ̀, mo fi iyọ̀ sí i, mo wé e, mo gbé e sínú òjò dídì lóde.

Ọjọ́ Àìkú, 23 oṣù Kejì. Ọjọ́ tó kẹ́yìn

Afẹ́fẹ́ ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Òjò dídì tó wà lórí ahéré ń kán tó, tó, tó. Níta, ìlú ńlá ni adágún náà dà: píkọ́ọ̀pù, alùpùpù orí yìnyín, ajá, àwọn ọmọdé tí wọ́n ń yọ̀ lórí ike. Ìdọ̀tí náà wà níbẹ̀, ó dùn mí láti kọ ọ́. Mo rí àpò ọ̀rá tí ẹnì kan fi ìgbẹ́ sí tó sì jù sílẹ̀. Òfin ti wà pé ìdọ̀tí kankan kò gbọdọ̀ kan yìnyín, pé inú nǹkan tó ní ìdérí ni kó wà. Inú omi yìí ló máa já sí nígbà tí yìnyín bá yọ́.

Ìyá àgbà tó ni àwọn ahéré náà wá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́sàn-án. Mo fún un ní àkàrà, ó jẹ méjì, ó jókòó. Mo bi í pé ṣé ó fẹ́ kí wọ́n fi ọjọ́ kún àsìkò. Ó ní ta ni kò ní fẹ́? Ó ṣàlàyé fún mi bí ìgbà òtútù ọdún tó kọjá ṣe rí, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 2023: ooru ni, yìnyín pẹ́ kó tó dúró, àwọn tó ti sanwó ilé sílẹ̀ ń gba owó wọn padà lójoojúmọ́. Gáàsì, owó àwọn ọmọ iṣẹ́, ẹ̀rọ tó ń la ọ̀nà, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ti ná owó sí. "Ọlọ́run ti gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ mi níwájú," ó ní, "bí wọ́n bá fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn, ṣé ìrẹ́jẹ ni?" Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí lára. Ọmọ ẹlẹ́ja ni mí. Mo mọ bí ọjọ́ tí ọjà kò tà ṣe ń rí nínú ilé.

Ṣùgbọ́n òun náà ló tún sọ ìtàn tó yí nǹkan padà fún mi. Ó ní kí n wo apá ìwọ̀-oòrùn, ibi tí ìlà kan wà tí àwa kò gbọdọ̀ kọjá. Ti àwọn Ojibwe Red Lake, ọ̀kan lára àwọn ọmọ onílẹ̀ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà, ni omi ọ̀hún: gbogbo Lower Red Lake, àti ju ìdajì Upper lọ. Ogaa ni wọ́n ń pe walleye. Láàárín ọdún 1990 sí 1999, ẹja tán nínú omi yìí. Wọ́n fi àwọ̀n kó o ní ọ̀hún, wọ́n fi ìwọ̀ kó o ní ìhín, kò sẹ́ni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn, yóò ru igbá rẹ̀ délé. Àwọn Ojibwe kọ́kọ́ dá ọwọ́ dúró fúnra wọn, wọ́n pa iṣẹ́ àwọ̀n tì. Ní 1999, àwọn àti ìpínlẹ̀ àti ìjọba àpapọ̀ tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn, wọ́n ti gbogbo adágún náà pa. Wọ́n da ọmọ ẹja ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù sínú rẹ̀ ní 1999, ní 2001, ní 2003. Oṣù Karùn-ún 2006 ni ẹnikẹ́ni tó tún lè pa walleye níbí. Ọdún méje gbáko! Màmá náà ní àwọn tí wọ́n ń gbé létí omi yìí nígbà náà kò jẹ́ gbàgbé rẹ̀.

"Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀," ó ní. Ìpín tí apá ti ìpínlẹ̀ lè pa lọ́dún ní ìwọ̀n, pọ́ùn ni wọ́n fi ń kà á. Àwọn òṣìṣẹ́ DNR ń wá bi àwọn apẹja ní ohun tí wọ́n pa, iye ẹja tí wọ́n ń gbà kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú lọ ilé sì ń lọ sókè sódò gẹ́gẹ́ bí ìṣirò náà bá ṣe rí.

Mo yíjú sí àbúrò mi. "Ṣé o gbọ́ yẹn? Ìkòkò ọbẹ̀ kan náà ni. Bí o bá fi ọ̀sẹ̀ márùn-ún kún un, ẹran kò pọ̀ sí i. Ẹni tó ń mú ẹja lọ ilé lónìí, díẹ̀ ni wọ́n máa gbà kó mú lọ́dún tó ń bọ̀." Kò fèsì. Ó ń wé okùn.

Ìrọ̀lẹ́ dé, ẹja jẹun bíi pé wọ́n mọ̀ pé ìlẹ̀kùn fẹ́ tì. Àbúrò mi pa èyí tó kẹ́yìn, íǹṣì 15, ó sì fa gbogbo okùn sókè. Níta, iná àwọn ọkọ̀ tò lọ sí etí omi bí iná àwọn tó ń bọ̀ láti òde ìnáwó. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, gbogbo ahéré náà gbọ́dọ̀ ti kúrò. Ìyẹn náà wà nínú òfin.

Ọjọ́ Ajé, 24 oṣù Kejì. Waskish sí Baudette

Ìrìn kúkúrú. Ọ̀nà 72 la àbàtà kan tó gbòòrò kọjá, igi rẹ̀ tín-ín-rín, kò sí èèyàn. Ní Baudette, ère walleye kan wà tó gùn tó 40 ẹsẹ̀ bàtà, láti 1959 ló ti dúró síbẹ̀. Ìlú ẹja ni wọ́n, wọn kò sì fi pamọ́.

Ní alẹ́, nínú yàrá tí a gbà, àbúrò mi tún gbé lẹ́tà náà jáde. Ó ní Wisconsin ń ti tiwọn ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ oṣù Kẹta, pé North Dakota kì í tì í rárá látọdún dé ọdún. Kí ló dé tí ti Minnesota fi yàtọ̀? Mo ní omi wọn kì í ṣe omi wa. North Dakota kò ní adágún tó pọ̀ bíi tiwa, bẹ́ẹ̀ ni èèyàn kò pọ̀ níbẹ̀ tó báyìí. Ó ní kì í ṣe èsì nìyẹn. Mo gbà pé kì í ṣe odindi èsì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25 oṣù Kejì. Lake of the Woods

Ọkọ̀ onírin aláwọ̀ òféèfèé kan ló gbé wa wọ inú adágún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe táyà, bẹ́líìtì rọ́bà gígùn ni, ó ń han bí ẹ̀rọ ìlọta àtijọ́. A kò rí òdìkejì. Yìnyín àti ojú ọ̀run jọ jẹ́ àwọ̀ kan. Minnesota, Ontario àti Manitoba ló jọ ni omi yìí, erékùṣù inú rẹ̀ sì ju ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá lọ.

Ẹsẹ̀ bàtà 32 ni omi jìn níbi tí wọ́n kọ́kọ́ gbé wa sí. Upper Red kò ju bíi 15 lọ níbi tó jìn jù. Mi ò mọ̀ pé ìyàtọ̀ yẹn máa kàn mí títí tí ẹja mi kejì fi jáde. Òfin ibí: ẹja mẹ́fà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, walleye àti sauger (ìbátan walleye tó kéré sí i) papọ̀, walleye kò gbọdọ̀ ju mẹ́rin lọ nínú wọn. Walleye tó bá wà láàárín íǹṣì 19 àbọ̀ sí 28, ẹ dá a padà. Ẹyọ kan ló lè ju 28 lọ. Tèmi jẹ́ 25. Abo ni, mi ò tiẹ̀ ní láti tẹ ikùn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹyinjú rẹ̀ ti yọ síta, nǹkan pupa kan sì ti tì wá sẹ́nu rẹ̀. Àpò afẹ́fẹ́ inú ẹja ló wú. Bí a bá fà á láti ibi jíjìn, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń fẹ̀, ó ń ti àpò oúnjẹ rẹ̀ síwájú. Mo ti rí ẹ̀dọ̀fóró èèyàn tó ṣe irú rẹ̀. Mo gbé e padà sínú ihò, ó dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìrù rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo dojú orí rẹ̀ kọlẹ̀, mo tì í. Ó yípo padà wá sókè. Mo tún tì í, ọwọ́ mi wọ omi dé ìgbọ̀nwọ́. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó fi ìrù lu ọwọ́ mi, ó sì lọ.

Mo ní kí wọ́n gbé wa kúrò. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tọ́ wa kò jiyàn. Ó ní bí omi bá ti ju 30 lọ, òun náà kì í fẹ́ràn rẹ̀ fún ẹni tó ń dá ẹja padà. Ó gbé wa lọ sí ibi tó jẹ́ 22, gbogbo èyí tí a dá padà níbẹ̀ rì sísàlẹ̀ bí òkúta.

Òun ni mo bi ní ìbéèrè tí mo fa ìlà sí. Ẹyin ti wà láti ìgbà tí ewé ti ń wọ́, kí ló wá burú nínú oṣù Kẹta? Ó fi ìka tọ́ka sí gúúsù, síhà ibi tí Rainy River ti ń wọ adágún. Lóṣù Kìíní, ó ní, àwọn abo fọ́n káàkiri, máìlì lórí máìlì, ẹ ò lè rí gbogbo wọn. Bí oṣù Kẹta bá ti ń gun, wọ́n á máa rìn bọ̀ síhà ẹnu odò. Tí yìnyín bá yọ́ tán, tí omi bá ti lọ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀, ìgbà náà ni wọ́n máa gòkè lọ yé sórí òkúta wẹ́wẹ́. Kí ìyẹn tó dé, ibì kan náà ni wọ́n kóra jọ sí. "Ẹni tó mọ ibẹ̀," ó ní, "kò nílò kó gbọ́n."

Èsì náà nìyẹn. Kì í ṣe ẹyin, ìkórajọ ni. Ọjọ́ ọjà ni fún wọn. Olè tó bá fẹ́ kó ìlú lẹ́rù, kì í lọ láti ilé dé ilé, ọjọ́ ọjà ló máa dúró dè.

Ó sì fi kún un pé ẹ má rò pé àwọn náà kò mọ̀ ọ́n. Adágún wọn wà ní ṣíṣí di 14 oṣù Kẹrin lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láti 1 oṣù Kẹta, ní Rainy River fúnra rẹ̀ àti Four Mile Bay tó wà lẹ́nu rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú walleye kan lọ ilé. Ẹ lè fà á, ẹ sì dá a padà lójú ẹsẹ̀. 2019 ni wọ́n sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀.

Àbúrò mi gbé ife tíì sílẹ̀. Ó ti ń wá síbí láti ọdún mẹ́rin, orí adágún gbangba ló máa ń lọ, kò dé odò rí nígbà ìrúwé. "Ìyẹn ni pé ibi tí mo fi ń ṣe àpẹẹrẹ nínú lẹ́tà mi," ó ní, "àwọn gan-an ti ti ẹnu odò."

"Ẹnu odò nìkan kọ́," mo ní. "Wọ́n tún ti gbogbo ìyá tó wà láàárín 19 àbọ̀ sí 28. Bí o bá máa tọrọ ọjọ́ bíi tiwọn, tọrọ ìdè bíi tiwọn."

A kò sọ̀rọ̀ fún bíi wákàtí kan lẹ́yìn ìyẹn. Ẹja ń jẹun, sauger ló pọ̀ jù. Mi ò rò pé inú bí i. Mo mọ̀ ọ́n láti kékeré: bí ọ̀rọ̀ bá wọ̀ ọ́, ńṣe ló máa ń dákẹ́.

Ọjọ́rú, 26 oṣù Kejì. Ọ̀nà ilé

Òun ló ń wakọ̀, èmi ni mò ń kọ. A pa lẹ́tà àkọ́kọ́ rẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó kọ́kọ́ ní kí n fi í sílẹ̀ pé òun ti fẹ́ kí àsìkò gùn tẹ́lẹ̀, kí aṣòfin lè mọ̀ pé apẹja ló ń bá òun sọ̀rọ̀, pé òun kò kórìíra ẹni tó ń pẹja. Mo fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn náà: kí òpin oṣù Kejì dúró bó ṣe wà ní àwọn adágún inú ìpínlẹ̀, pàápàá jù lọ Upper Red, níbi tí ẹja ti tán rí. Níbikíbi tí wọ́n bá fẹ́ fi ọjọ́ kún un, kí wọ́n kọ́kọ́ ti ẹnu àwọn odò tí walleye ń gòkè lọ yé sí, kí wọ́n dá ààbò bo àwọn abo ńlá, kí ó sì jẹ́ fífà àti dídá padà nìkan.

Mo fẹ́ kí ó parí síbẹ̀. Àbúrò mi kọ̀. Ó ní ìyá àgbà tó jẹ àkàrà wa ńkọ́? Nítorí náà a fi ìpínrọ̀ kan kún un pé kí ìjọba wá ọ̀nà ran àwọn tó ń jẹun nínú yìnyín lọ́wọ́ ní ọdún tí yìnyín bá pẹ́, kí wọ́n má ṣe sọ pé kí ẹja san gbèsè tí ojú ọjọ́ jẹ. Òun ló ronú kan gbólóhùn yẹn, kì í ṣe èmi. Ó fi kún un pé òun ṣì gbà pé ọ̀sẹ̀ kan lórí adágún gbangba kò ní pa ẹnikẹ́ni, pé àwa méjèèjì yóò tún sọ ọ́. Mo ní a ó tún sọ ọ́.

Ní Brainerd, a dúró ra epo. Mo pe màmá ní Ẹ̀pẹ́, mo gbé fóònù sókè kúlà kí wọ́n lè rí ẹyin tí mo fi iyọ̀ sí. Wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní, "Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbó. Oṣù kan péré ló kù fún un."

Àbúrò mi padà wá láti ibi tó ti sanwó. Ó na fóònù tirẹ̀ sí mi, orúkọ rẹ̀ ti wà nísàlẹ̀ lẹ́tà náà, àyè sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan sí i, láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo sì fọwọ́ sí i.